Àgbà Inú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Ta Ni Ká Mú Dúró, Ta Ni Ká Jẹ́ Kó Lọ?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ní pápá ìṣeré Mobolaji Johnson ní Oníkan, Èkó, Kwara United ti Ìlọrin gba ife President Federation Cup fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n gbá pẹ̀lú Abakaliki FC, kí wọ́n tó fi pẹ́náritì 4-3 borí. Ìlọrin yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n líìgì tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìdíje CAF Confederation Cup sì wà níwájú, nítorí ẹni tó gba ife yẹn ló ń ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, ẹgbẹ́ ní láti mọ ẹni tí yóò tún tọwọ́ bọ̀wé àti ẹni tí yóò di ẹrù rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kórópe ní Post Office ní Ìlọrin ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kó tó sọdá títì. Pápá ìṣeré Kwara kò jìnnà síbẹ̀, awakọ̀ àti oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ló ní èrò tiwọn. Apá kan á ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún máa lọ, kí ọ̀dọ́ lè ráyè. Apá kejì á dáhùn pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní àgbà kì í lè dúró nígbà tí ilẹ̀ bá le. Lọ́dọọdún ni a ń ja ìjà yìí, ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Kánò, lọ́dọọdún ni a sì ń fi í sílẹ̀ láìparí.

Mo fẹ́ gbé ẹ̀rí apá méjèèjì yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ń gbà ṣe é ń pa ẹgbẹ́ lára, ó sì ń rẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀rí náà kò ṣòro láti sọ. Ọjọ́ orí kọ́ ló yẹ kó dá àgbà dúró tàbí kó lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ tó ti ní. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ ní sáà tó ń bọ̀ ni. Bí a kò bá lè dárúkọ iṣẹ́ náà, kò yẹ ká dá a dúró. Bí a bá sì lè dárúkọ rẹ̀, kò yẹ ká tìtorí ọdún tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ká jẹ́ kó lọ.

Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí ara

Eré sísá ló kọ́kọ́ ń lọ. Iṣan tí ara fi ń sáré kíákíá, tó fi ń fò sókè lójijì, máa ń dínkù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó sì máa ń hàn kedere lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, àárẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú tí ara rẹ̀ á ti yá lọ́jọ́ Sátidé á wá máa rí i pé ẹsẹ̀ ṣì wúwo. Ìfarapa àtijọ́ tún wà níbẹ̀. Àwọn dókítà eré ìdárayá gbà pé láàárín gbogbo àmì tó ń sọ pé ẹnì kan yóò tún fara pa, èyí tó lágbára jù ni pé ó ti fara pa níbẹ̀ rí, pàápàá iṣan ẹ̀yìn itan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í bá gbogbo ipò jà bákan náà. Ẹni tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ pé eré ló fi ń jẹun, ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọwọ́ àárín tó gbọ́n lè fi ibi tó dúró sí san gbèsè eré tí kò lè sá mọ́. Ọwọ́ ẹ̀yìn tó wà láàárín máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ́lé ló sì ń pẹ́ jù gbogbo wọn. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, Essam El Hadary dúró sí ilé Íjíbítì ní ọmọ ọdún 45, ó sì gba pẹ́náritì kan tí Saudi Arabia gbá. Ẹni tó bá fi òfin ọgbọ̀n ọdún kan ṣoṣo wọn aṣọ́lé àti ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kò tíì wọn nǹkan kan.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ sókè: ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà lára kì í sábà bára mu. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009, ìgbà náà ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ eegun ọrùn-ọwọ́ wò níbi ìdíje náà, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sì ní láti yọ àwọn kan kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò wúlò fún ẹni tó ti dàgbà tán. Nítorí náà, kóòṣì tó bá ń fi ìwé nìkan ṣèpinnu lè rò pé ọmọ ọdún 27 lòun dá dúró, kó má mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọdún 33 lòun ń san owó fún. Ó lè jẹ́ kí àgbà olóòótọ́ kan tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an sílẹ̀ lọ, kó dá èyí tó parọ́ dúró. Ẹsẹ̀ ni ká wò. Iye ìṣẹ́jú tó gbá, iye ọ̀sẹ̀ tó fi tọ́jú ìfarapa, bó ṣe ń sáré ní ìṣẹ́jú 80: ìwọ̀nyí kì í parọ́.

Ẹ̀rí àwọn tó ní kí àgbà lọ

Ẹ̀rí wọn pọ̀. Ítálì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2006. Ní 2010, Marcello Lippi, kóòṣì kan náà, tún gbára lé ọ̀pọ̀ àwọn akọni rẹ̀ àtijọ́ lọ sí South Africa. Àwọn àti Paraguay, Slovakia àti New Zealand ni wọ́n jọ wà nínú ìsọ̀rí kan, Ítálì ló sì gbẹ́yìn. Ọpẹ́ ni wọ́n fi yan ẹgbẹ́ náà, ọpẹ́ kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù.

Èyí tó yẹ kí àwa olólùfẹ́ líìgì England rántí ni Manchester United. Ní 2013, Ryan Giggs jẹ́ ọmọ ọdún 39, Paul Scholes 38, Rio Ferdinand 34, wọ́n sì gba líìgì. Kóòṣì wọn, Alex Ferguson, fẹ̀yìn tì, Scholes náà lọ, ní sáà tó tẹ̀ lé e ipò keje ni ẹgbẹ́ náà wà. Nígbà tó fi di ìsinmi ọdún 2014, Giggs ti fẹ̀yìn tì, Ferdinand, Vidic àti Evra ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn kúrò. Àwọn àgbà yẹn kọ́ ló ba ẹgbẹ́ jẹ́. Àìsí ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ló bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lábẹ́ òfin FIFA, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ láti ọdún 12 sí 21 ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́ni bí ọmọ náà bá lọ sí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn ṣáájú òpin sáà ọdún 23 rẹ̀. Àgbà tí àdéhùn rẹ̀ ti parí kì í mú irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìlọrin ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tirẹ̀, Kwara Football Academy. Bí àyè inú ẹgbẹ́ ńlá bá kún fún àgbà tí kò ní iṣẹ́ pàtó, níbo ni àwọn ọmọ náà yóò ti gbá bọ́ọ̀lù tí ayé yóò fi rí wọn? Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ fi èsì ìbéèrè yìí hàn wá. Wọ́n kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tiwọn, Beyond Limits, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa àwọn ọmọ sókè. Ní 2025, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀rí àwọn tó ní kí àgbà dúró

Líìgì wa jẹ́ ẹgbẹ́ 20, ìdíje 38, mẹ́rin ló sì ń já sí ìsàlẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdajì ìdíje yẹn jẹ́ ní ilé onílé, ọ̀nà sì jìn láti Ìlọrin dé Maiduguri tàbí Port Harcourt. Ẹni tí kò bá tíì dé irú ibẹ̀ rí lè rò pé bọ́ọ̀lù ni gbogbo rẹ̀. Àgbà tó ti gbá a ní sáà mẹ́wàá mọ̀ pé ọkàn ni: bí a ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ká sùn síbi tí kò tura, ká jí gbá bọ́ọ̀lù láàárín èrò tó ń bú wa, ká má bínú gba káàdì pupa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹni tó dúró fún ọ̀rọ̀ yìí jù nínú líìgì wa ni Rabiu Ali ti Kano Pillars. Ọdún 1980 ni wọ́n bí i. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba líìgì léraléra ní 2012, 2013 àti 2014. Nígbà tí Pillars já sí ìsàlẹ̀ ní 2022, ó bá wọn lọ, ó sì bá wọn padà wá. Lẹ́yìn tó lé ní ọmọ ogójì ọdún, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bíi balógun. Ẹgbẹ́ náà mọ ohun tí wọ́n dá a dúró fún: bọ́ọ̀lù tí kì í rìn, ìyẹn frikíìkì àti pẹ́náritì, àti ohùn rẹ̀ nínú yàrá ìmúra.

Roger Milla ti Cameroon náà kò ṣe é fò. Ọmọ ọdún 38 ni ní 1990, ó ti fi ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní erékùṣù Réunion, nígbà tí Ààrẹ Paul Biya ní kó padà wá. Ó gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Ítálì, Cameroon sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ohun tí àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ ní Post Office kì í sábà fi kún un ni pé orí bẹ́ǹṣì ló ti dìde gbá gbogbo góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sẹ́ni tó ní kó sáré fún ìṣẹ́jú 90. Wọ́n ní kó wọlé nígbà tó bá rẹ ọ̀tá, kó parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fi í bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdíje nítorí orúkọ rẹ̀, bóyá ìtàn ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Keshi, Onigbinde àti Yobo

Bí a bá ń wá ilé-ẹjọ́ tó ti gbọ́ ẹjọ́ yìí tán, Super Eagles, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ni. Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà dé iwájú wọn, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Ní 1994, Stephen Keshi jẹ́ ọmọ ọdún 32, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kóòṣì Clemens Westerhof dá a dúró gẹ́gẹ́ bíi balógun. Nígbà tí Nàìjíríà na Zambia 2-1 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, Keshi kò sí lórí pápá, síbẹ̀ òun ló gbé ife sókè. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún náà, ìdíje pẹ̀lú Greece nìkan ló gbá. Westerhof mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tí yóò mú àwọn tó ń gbá a ṣọ̀kan.

Ní 2002, nǹkan yí padà. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, inú àwọn aláṣẹ kò dùn, wọ́n yọ kóòṣì Amodu Shaibu àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, Keshi sì wà lára wọn. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Adegboye Onigbinde nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀. Onigbinde fi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, ó mú àwọn ọmọdé lọ: Femi Opabunmi àti Bartholomew Ogbeche jẹ́ ọmọ ọdún 17, Vincent Enyeama jẹ́ 19. Argentina na Nàìjíríà 1-0, Sweden na wọ́n 2-1, wọ́n gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England. Ayò kan péré ni wọ́n kó wálé.

Wọ́n ti bú Onigbinde tó. Ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ike Shorunmu, àgbà ọmọ ọdún 34, ló ṣọ́lé nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́. Enyeama ló ṣọ́lé ní Osaka, tí England kò fi rí i gbá wọlé. Ọmọ náà padà gbá ju ọgọ́rùn-ún ìdíje lọ fún Nàìjíríà. Ìran Onigbinde lórí ọ̀dọ́ kò burú. Àkókò ló burú. Àtúntò tó yẹ kó gba ọdún méjì ni wọ́n ní kó ṣe ní oṣù díẹ̀, nítorí náà ipò tí Oliseh fi sílẹ̀ ní àárín pápá kò rí ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú àwọn aláṣẹ ló dá àkókò yẹn, kì í ṣe ètò.

Nígbà tó di 2013, Keshi ti di kóòṣì. Ó mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà láti inú líìgì ilé lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa, ó fi àwọn orúkọ ńlá bíi Obafemi Martins àti Taye Taiwo sílẹ̀. Ní ọwọ́ ẹ̀yìn, Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ àti ọ̀dọ́mọkùnrin Kenneth Omeruo ló gbára lé. Ṣùgbọ́n ó mú Joseph Yobo dání, balógun tó jẹ́ ọmọ ọdún 32, ọjọ́ orí kan náà tí Keshi wà ní 1994. Yobo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Sunday Mba láti inú líìgì ilé gbá góòlù tí wọ́n fi na Burkina Faso. Ìgbà tí eré fẹ́ parí ni Yobo wọlé, òun ló sì gbé ife sókè. Ohun tí Westerhof ṣe fún Keshi ni Keshi ṣe fún Yobo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi nílò àwọn méjèèjì, kí oníkálukú sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè

Láti inú gbogbo ẹ̀rí yìí, ìbéèrè márùn-ún ló yẹ kí kóòṣì àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ dáhùn lórí àgbà kọ̀ọ̀kan kí ìsinmi tó jìnnà.

Èkíní, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. “Yóò bẹ̀rẹ̀ ìdíje ilé ní ọwọ́ ẹ̀yìn.” “Yóò wọlé ní ìlàjì kejì.” “Yóò kọ́ aṣọ́lé kékeré.” Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ “ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa,” ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Èkejì, ìṣẹ́jú mélòó ló gbá ní sáà tó kọjá, kí ló sì dá a dúró nígbà tí kò gbá? Ẹni tí kóòṣì fi sórí bẹ́ǹṣì yàtọ̀ sí ẹni tí orúnkún fi sórí ibùsùn.

Ẹ̀kẹta, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí ọmọ kan bá ti ṣetán, kí àgbà fún un láyè. Bí kò bá sí ẹnì kankan, kí wọ́n fún àgbà ní ọdún kan sí i, kí wọ́n sì ra ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó gbà? Àgbà tó bá gbà láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìbínú, ọrọ̀ ni. Èyí tí kò gbà yóò da yàrá ìmúra rú, bó ti wù kí ó mọ bọ́ọ̀lù tó. Ojúkojú ni kí wọ́n ti bi í kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ̀karùn-ún, ta ló ń ṣèpinnu? Owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ń ná, nítorí náà orúkọ kan lè wọlé nítorí ẹni ńlá kan fi ránṣẹ́, òmíràn a sì jáde nítorí alága tuntun dé. Kóòṣì tí wọn yóò lé bí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Kwara United gan-an rí ìdí tí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fi ṣe pàtàkì. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ayọ̀ Oníkan tí Asante Kotoko ti Kumasi fi lé wọn jáde nínú Confederation Cup. Ìdíje Áfíríkà máa ń tètè dé, ó máa ń bá ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn lórí pápá. Ẹgbẹ́ tó bá tú ilé rẹ̀ palẹ̀ ní oṣù Keje kò lè tò ó tán ní oṣù Kẹsàn-án. Ní ọdún tí ẹgbẹ́ bá ní tíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà, àgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó mọ iṣẹ́ wọn sàn ju àlejò mẹ́wàá lọ.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni ẹni tó dúró. Ìdajì kejì ni ẹni tó lọ, ibẹ̀ sì ni ìwà wa ti ń kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ yìí kì í gbọ́ pé wọn kò fẹ́ òun mọ́ títí di ọjọ́ tó padà dé láti ilé tí kò bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn mìíràn ń lọ tí ẹgbẹ́ ṣì jẹ wọ́n lówó oṣù. Ọ̀dọ́ tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbà rẹ̀ ti mọ bí wọn yóò ṣe ṣe òun náà, kò sì ní fi ọkàn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Rashidi Yekini, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ńlá Ìlọrin, jẹ́ ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Òun ló gbá àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní 1994. Ó padà sí líìgì ilé, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger, ní 2005 ó tún lọ sí Gateway ti Abẹ́òkúta ní ọmọ ọdún 41. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ìrá ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹ̀yìn ikú ni ọ̀pọ̀ nínú iyì tí a fún un tó dé. Ẹni tó lè kọ́ gbogbo atamátàsé tó wà ní Kwara, a kò rí i pé ẹnikẹ́ni fún un ní iṣẹ́ tó bá a mu.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2024, Ahmed Musa padà sí Kano Pillars, ní 2025 wọ́n sì fi í ṣe alákòóso àgbà ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe gbogbo àgbà ló lè di alákòóso, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún agbábọ́ọ̀lù kí sáà tó parí, kó lè wá ibòmíràn lọ nígbà tí ọjà ṣì ṣí. Kí wọ́n san gbogbo owó rẹ̀ kó tó gbé ẹrù. Kí wọ́n sì bi í bóyá ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n rán an lọ gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì bó bá ní òun fẹ́.

Èyí kò kọjá agbára ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì wa. Nígbà tí ìsinmi tó ń bọ̀ bá dé, kí àwọn ará Post Office má kàn béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni lágbájá. Kí wọ́n béèrè iṣẹ́ tí wọ́n dá a dúró fún, àti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aláṣẹ tó bá mọ̀ pé ìbéèrè méjì yìí ń dúró de òun níta yóò wá ìdáhùn sí wọn kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.